Ìlú Tí Àwọn Iwin Fi Sinimá Kọ́

Ẹ jókòó bí ẹ bá fẹ́ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó dúró, ṣùgbọ́n kó má ṣe dí oòrùn mọ́ mi, nítorí oòrùn yìí nìkan ni oògùn orúnkún mi. Ó ti rẹ̀ mí. Àárẹ̀ tí mo ń sọ yìí ti wà lára mi láti ọjọ́ tí mo ti ìlú Jagunmólú dé, oorun kò sì lè lé e lọ. Bí ẹ bá rí i tí mo dákẹ́ láàárín ìtàn, ẹ má rò pé mo gbàgbé. Mo ń mí ni.

Èmi Ọdẹ́rìnlọ rèé, èmi tí ẹfọ̀n máa ń rí lọ́nà tí yóò yà fún mi bí ìyàwó tó pàdé bàbá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn yẹn, mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó fi àtàǹpàkò máa yìnbọn láti àárọ̀ títí oúnjẹ yóò fi tutù, ẹ ó ní géèmù lẹ ń ṣe. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni èmi fi wọ inú tèmi, ìbọn inú rẹ̀ sì bà mí nídìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó gbé mi lọ rèé. Ògúngbayì, olórí àwa ọdẹ, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Ògúndíjọ. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni, ó sì ti ń dá ṣọdẹ. Nínú iṣẹ́ ọdẹ tiwa, bí ewé bá mì tí o kò rí ohun tó mì ín, ìwọ yóò kọ́kọ́ súfèé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ènìyàn bá ni, yóò súfèé padà. Bí ẹran bá ni, yóò sá, ìwọ yóò sì pàdánù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kánjú fi máa ń gbé ìfé náà jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ewé mì lẹ́bàá odò. Ògúndíjọ rò pé àgbọ̀nrín ni. Kò súfèé. Ó yìnbọn, ó sáré lọ wo ohun tó pa, bàbá rẹ̀ ló bá nílẹ̀.

Kò ké, kò sì padà wálé. Ó gbé ìbọn náà kọ́ èjìká, ó sì wọ Igbó Àwòrán lọ. Àwa la lọ gbé òkú, àwa la sin ín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe rí láàárín àwa ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, a ní láti ṣe ìpà rẹ̀. A ó gbé àpò rẹ̀ àti ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, kó lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, kó má bàá máa bá wa ṣọdẹ kiri. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì gbọ́dọ̀ ru ẹrù náà. Àwọn àgbà ti jókòó, wọ́n ti ní àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tó dì í sínú. Ta ni yóò wá lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún un níbi tó wà?

Àwẹ̀ró, ìyàwó olóògbé, wá sí ilé mi. Kò jókòó.

"Ọkọ mi," ó ní, "ìbọn kan ti gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kó gba ọmọ pẹ̀lú. Ẹ bá mi mú un wálé."

Mo ní, "Ìyàwó wa, ṣé o ti dárí jì í?"

"Ẹ bá mi mú un wá ná," ó ní. "Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ tí mo bá rí i. Kó ṣáà kọ́kọ́ wálé."

Mo gbé ìbọn mi. Orúnkún mi bẹ̀ mí, n kò gbọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wà nínú Igbó Àwòrán. Ní ọdún tó ṣáájú ìyẹn, mọ́tò sinimá kan wá sí ìlú wa, wọ́n ta aṣọ funfun sí pápá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi fíìmù kan hàn wá. Jagunmólú lorúkọ akọni inú rẹ̀. Àwọn ọ̀tá gbé bàbá rẹ̀ lọ, wọ́n tì í mọ́ ilé keje ní ìlú kan tí òjò kì í dá. Jagunmólú gbé ìbọn, ó ń já ilé wọn wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa là ń wò ó, a ò mọ̀ pé àwọn iwin náà ń bá wa wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Jagunmólú dé ilé keje, òjò gidi dé. Ènìyàn sá, iwin sá. Èmi nìkan ni mo kù lórí àga, nítorí ẹsẹ̀ mi ti kọ̀ láti máa sá fún òjò, àti onísinimá tó wà lábẹ́ ìbòrí mọ́tò rẹ̀.

Sinimá náà dùn mọ́ àwọn iwin débi pé wọ́n fi kọ́ ìlú sínú igbó, kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè máa ṣe Jagunmólú fúnra rẹ̀. Géèmù tiwọn nìyẹn. Ìkánjú ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, wọ́n fẹ́ ṣí i kí ariwo fíìmù náà tó tán lẹ́nu ayé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á lá ọbẹ̀ gbígbóná, àwọn yìí gbé ìkòkò sẹ́nu ni.

Bí mo ṣe rìn débẹ̀ kò ní láárí. Mo rìn, mo dé. Ní ẹnubodè, bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí. Ẹ mọ̀ mí, n kò lè kọjá lára àgbà láì kí i. Mo fi orúnkún tó ń dùn mí yìí dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá."

Ó ní, "Jagunmólú, o ti pẹ́ jù! Bàbá rẹ wà ní ilé keje!"

"Rárá, Bàbá, Ọdẹ́rìnlọ lorúkọ mi. Ará ilé ń kọ́?"

"Àwọn ọ̀tá pọ̀, máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ!"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Gba ìbọn yìí, má ṣe wẹ̀yìn!"

Mo dúró kó dá mi lóhùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀: "Jagunmólú, o ti pẹ́ jù!" Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́ bàbá yìí. Ẹ̀yin ará, n kò tètè mọ̀. Ó jọ ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ lójú mi láti fi àgbà sílẹ̀ nígbà tí kò tíì jẹ́ ìkíni mi, mo sì kí i láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí i kú àjíǹde ara. Ohun tó wá lé mi kúrò níbẹ̀ ni pé ọwọ́ òsì ló fi na ìbọn náà sí mi. Inú bí mi. Àgbà wo ló ń na ọwọ́ òsì síni? Ìgbà tí mo wọlé ni mo rí i pé ọwọ́ òsì ni gbogbo ará ìlú náà ń lò. Ẹ̀yìn aṣọ ni àwọn iwin ti wo sinimá, ọ̀tún ti di òsì lójú wọn, bí wọ́n sì ṣe rí i ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, òtítọ́ kì í ṣìnà. Ìlú náà lẹ́wà. Òjò ibẹ̀ ń dán bí fàdákà, kì í sì í tutù síni lára. Fèrèsé, òrùlé, iná ojú pópó, gbogbo rẹ̀ ni mo dá mọ̀ láti inú fíìmù, kódà ohùn Jagunmólú ń jáde láti ọ̀run wá, ó ń pè mí síwájú. Ìbọn wọn wá ńkọ́! Mo ti fi àádọ́ta ọdún yìnbọn, n kò gbọ́ èyí tó dún dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ta èjìká ẹni. Kì í kọ iná. Bí mo ṣe gbá èyí tí bàbá náà nà sí mi mú báyìí, àárẹ̀ mi fò lọ, mo di ọmọ ogún ọdún. Mo já ilé kìn-ín-ní wọ̀, ọta mẹ́fà, ènìyàn mẹ́fà. Èmi Ọdẹ́rìnlọ! Ẹ lè pàtẹ́wọ́ báyìí. Ó tó.

Àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀, ọdẹ nìkan ló lè ṣe é. Ọdẹ kì í yìnbọn kó má lọ wo ohun tó bà. Mo lọ wá àwọn mẹ́fà náà, n kò bá ọ̀kankan. Bí wọ́n bá ti ṣubú, wọ́n á pòórá. Mo kúnlẹ̀, mo ń wá ipa ẹ̀jẹ̀ lórí ilẹ̀, mo ń tú koríko wò, ibi tí mo ti na ìdí sókè ni ẹnìkan ti yìn ín níbọn. Mo kú. Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo kú pátápátá, mo sì la ojú, mo rí i pé mo dúró sí ẹnu ilé kìn-ín-ní, kò sí ọgbẹ́ lára mi, bàbá arúgbó ń pariwo pé mo ti pẹ́ jù.

Ìgbà mọ́kànlá ni mo kú báyìí. Ọwọ́ mi á yìnbọn, ẹsẹ̀ mi á lọ wò ó. Ìṣe tó ti mọ́ni lára kì í tètè fini sílẹ̀. Ẹni tó bá kú lẹ́ẹ̀kan, ó ti sinmi nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe máa rẹ ẹni tó kú nígbà mọ́kànlá.

Nígbà tí mo fi máa dé ilé kẹta, adùn ti lọ. Ojú mẹ́ta péré ni gbogbo àwọn ọ̀tá náà ń pín lò láàárín ara wọn. Wọ́n á sá sẹ́yìn àgbá, wọ́n á ka oókan dé ẹẹ́rin, wọ́n á yọrí síta. Èyí tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á yọrí síbi kan náà. Àparò gbọ́n jù wọ́n lọ. N kò fojú sun wọ́n mọ́, mo kàn gbé ẹnu ìbọn síbi tí orí yóò ti yọ, mo ń yán. Mo rí igi ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ní kí n lọ sinmi lábẹ́ rẹ̀, ni mo bá fi imú gbá ògiri tí n kò rí. Mo fọwọ́ wá a lọ, mo fọwọ́ wá a bọ̀, kò lópin. Igi wà níbẹ̀, òjìji rẹ̀ ń wù mí, n kò lè dé ibẹ̀. Mo wọ inú ilé láti jókòó, àwọn àga ibẹ̀ jẹ́ àwòrán lásán, ìdí mi kàn kọjá láàárín wọn dé ilẹ̀. Ìlú odidi, kò síbi tí arúgbó lè jókòó sí! Ìyẹn dùn mí ju ọta lọ, n kò ní purọ́ fún yín.

Ilé kẹfà ni mo ti bá Ògúndíjọ. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá. Kò tilẹ̀ wo ibi tó ń yìnbọn sí mọ́. Nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó yin ẹnìkan tó wà lẹ́yìn mi níbọn gba orí èjìká mi.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ tẹ orí ba, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn àgbá yẹn."

"Ògúndíjọ, ìyá rẹ ní kí n mú ọ wálé."

"Màá wá. Kí n dé ilé keje ná. Bàbá wà níbẹ̀."

"Bàbá rẹ wà nínú ilẹ̀. Èmi wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. "Bàbá, ṣé ẹ ti kú níbí?"

"Mọ́kànlá."

"Ṣé ẹ ò dìde ni? Gbogbo ẹni tí mo bá yìn níbọn níbí ló ń dìde. Mo ti yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kò sí ẹyọ kan tó wà nílẹ̀. Ibo tún ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé? Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n wá bàbá mi lọ."

Mo tẹ̀ lé e. A já ilẹ̀kùn ilé kẹfà, a jáde sí òdì kejì, ohùn kan sì kí wa káàbọ̀: "Jagunmólú, o ti pẹ́ jù!" Ilé kìn-ín-ní ni. A ti yí po.

"Ó máa ń rí báyìí," ni Ògúndíjọ wí, ó ti ń ki ìbọn. "Nǹkan kan wà tí n kò ṣe dáadáa. Bóyá ó yẹ kí n kọjá láìjẹ́ kí ọta kankan bà mí. Bóyá mo lọ́ra jù."

"Kò sí ilé keje, ọmọ mi. Òjò lé àwọn tó kọ́ ìlú yìí, wọn ò rí ìparí sinimá. Ibi tí wọ́n wò dé ni wọ́n kọ́ ọ dé."

"Ta ló ń bú ìlú mi?"

Olúwòran ló sọ̀rọ̀, ọba àwọn iwin náà. Ojú kan ṣoṣo ló wà níwájú orí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń tú jáde nínú rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ sinimá. Ó ga ju òrùlé lọ, ṣùgbọ́n ojora hàn nínú ohùn rẹ̀, bíi ti ẹni tó se oúnjẹ fún àlejò, tó wá dúró ti ẹnu ọ̀nà.

"Arúgbó, sọ ọ́ lójú mi. Ṣé ìlú mi kò dára ni?"

"Ó dára, Kábíyèsí," mo ní. "Ojú rẹ̀ dára, etí rẹ̀ dára. Òjò yín ni òjò tó wù mí jù láyé. Ìbọn yín, bí mo bá rí irú rẹ̀ gbé lọ sílé, n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá yín gọ̀, bàbá ẹnubodè yín kò gbọ́ ìkíni, ẹ sì kọ́ igi láì fún wa láàyè láti dé abẹ́ rẹ̀. Ìbọn nìkan lẹ rí nínú sinimá tí gbogbo wa jọ wò. Jagunmólú jókòó níbẹ̀, ó jẹun, ó bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ó sunkún lórí afárá. Èwo ni ẹ kọ́ síbí? Èyí tó sì burú jù ni pé kò parí. Ọmọ yìí ń rìn, kò sì ní ibi tó ń lọ."

Ojú Olúwòran ṣẹ́jú.

"Wọ́n sọ fún mi," ó ní, "pé ìwọ kò sá fún òjò. Ìwọ lo wò ó tán. Sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn keje fún mi, màá kọ́ ọ lónìí olónìí. Bí bàbá bá wà níbẹ̀, màá fi bàbá síbẹ̀, ojú tí ọmọ yìí bá sì fẹ́ ni màá fi fún un."

Ògúndíjọ ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níwájú mi. Ó di ẹsẹ̀ mi mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n kàn rí i kó dìde, kí n bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀yin tó jókòó yìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan. N kò rí ìparí sinimá yẹn. Oorun ló gbé mi lọ lórí àga, òjò ń rọ̀ lé mi lórí, ìgbà tí mo máa jí, onísinimá ti ń ká aṣọ rẹ̀. Ohun tó bá wù mí ni mo lè sọ. Ká ní mo sọ pé bàbá náà dìde, tó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, Ògúndíjọ ì bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, èmi náà ì bá sì rí ibi dùbúlẹ̀ sí. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ti rẹ̀ mí tó ẹni tí í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí Àwẹ̀ró lórí ìdúró nínú ilé mi, n kò sì lè fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ère lásán.

Mo ní, "Ó ti kú. Jagunmólú já ilẹ̀kùn, ó bá òkú bàbá rẹ̀ lórí ẹní. Kò sí ọ̀tá kankan nínú yàrá náà. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó fi omi wẹ bàbá rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó sì gbé e rìn lọ sílé. Ó pẹ́ kó tó délé. Ibẹ̀ ló parí sí."

Olúwòran ronú sí i. "Kò sí ìbọn níbẹ̀ rárá?"

"Kò sí."

"Ta ló máa fẹ́ ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀?" ó ní. Inú rẹ̀ bàjẹ́. "Gbé ìparí rẹ lọ. Má sọ ọ́ fún àwọn tó ń bọ̀." Ó ká ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò lára wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ògúndíjọ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀tá ń yọrí lẹ́yìn àgbá, wọ́n ń yìn ín níbọn, ó ń kú, ó ń jí ní ẹsẹ̀ bàbá arúgbó, kò gbé ọwọ́ sókè. Èmi náà ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò ka iye rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó wo ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó gbé kúrò lẹ́bàá odò, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni pé ó lè jí. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ọ̀tá dúró sójú kan. Ẹni tí kò bá yìnbọn mọ́, ìlú náà kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Mo fi ọwọ́ kan ògiri tí a kò rí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ kọjá, ó tì mí padà. Mo ti ju ìbọn wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn èmi náà wà léjìká mi.

Ìbọn bàbá mi ni. Ó ti bá mi jẹun fún àádọ́ta ọdún. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó dùn mí dé egungun, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. A jáde.

Ọ̀sán gangan la wọ ìlú. Ògúndíjọ bá mi rìn dé iwájú ilé wọn, ó sì dúró. Ó ti já ilẹ̀kùn wọ̀ níye ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, ó sì ń wo èyí bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. N kò bá a kàn án. Mo dúró pẹ̀lú rẹ̀ bó ti wù kí orúnkún mi máa pariwo tó.

Ìyá rẹ̀ ló ṣí i láti inú. Ògúndíjọ dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀.

"Ìyá mi," ó ní. Láti ọjọ́ odò yẹn kò tíì sọ ohun tó ṣe jáde lẹ́nu, n kò gbọ́ ọ ní gbogbo ìlú iwin. "Ìyá mi, èmi ni mo pa Bàbá."

Àwẹ̀ró dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Mo rò pé yóò ṣubú, mo rò pé yóò gégùn-ún, mo rò oríṣiríṣi.

"Mo mọ̀," ó ní. "Dìde. Ẹrù bàbá rẹ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá wa gbé e. Wọlé wá jẹun kí o tó rù ú."

Ó dìde, ó wọlé. Ìgbà náà ni mo gbọ́ igbe rẹ̀, igbe gidi, tòun ti ìyá rẹ̀. Èmi jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà, níwájú ilé onílé, nítorí ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé tèmi.

Ó tán. Ẹ fún mi lọ́wọ́, ẹ fà mí dìde.